"Mo Jẹ̀bi" Ti Ilé Àti "Mo Jẹ̀bi" Ti Kóòtù

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, gbogbo ìlú gbọ́ nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, tí kóòtù ti dájọ́ ikú fún láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Àwọn òbí rẹ̀ ni wọ́n jáde síta tí wọ́n bú sẹ́kún lójú gbogbo ayé, tí wọ́n ń bẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá lè gbọ́ kí ó gba ọmọ wọn lọ́wọ́ okùn. Ìròyìn tí ó tàn kálẹ̀ ni pé nítorí adìẹ àti ẹyin adìẹ ni a ṣe fẹ́ yẹgi fún un. Ọ̀rọ̀ náà ká àwọn ènìyàn lára. Kí ọdún náà tó parí, Gómìnà Adémọ́lá Adélékè lo agbára àánú tí ìwé òfin fi lé gómìnà lọ́wọ́, ó sì dárí jì í pẹ̀lú àwọn mìíràn. A kò ní dárúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà níhìn-ín, nítorí ó ti jìyà tó.

Ọdún 2010 ni ọlọ́pàá mú un. Ọmọ ọdún 17 ni ìròyìn pè é nígbà náà. Ọdún 2014 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dá ẹjọ́ òun àti ẹnìkejì rẹ̀, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń retí ikú, tí a fi gbé e dé ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri ní Èkó. Kí àwọn tíṣà bá wa ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì wọn: ọdún mẹ́rin kí a tó dá ẹjọ́, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìdájọ́. Ẹni tí ó wọlé kò tíì tó ọmọ ogún ọdún. Ẹni tí a dárí jì ti ré kọjá ọgbọ̀n ọdún.

Ó yẹ kí a tún ọ̀rọ̀ kan ṣe ná, nítorí àwọn tí wọ́n fi adìẹ ṣe orin ti ṣi àwọn ẹlòmíràn lọ́nà. Kì í ṣe adìẹ ni a torí rẹ̀ dájọ́ ikú. Ẹ̀sùn tí a kà sí wọn lọ́rùn ni pé wọ́n gbé ohun ìjà wọ ilé ọlọ́pàá kan àti ilé ẹlòmíràn. Òfin ìdigunjalè tí ìjọba ológun fi lélẹ̀ ní 1984, tí ó ṣì wà títí di òní, kì í béèrè iye owó tí ohun tí a jí tó. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ olè ni òfin náà ń wò. Ẹni tí ó jí ẹgbẹ̀rún adìẹ láìmú nǹkan kan lọ́wọ́ yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí ó mú ìbọn tàbí àdá lọ́wọ́ tí ó fi gba adìẹ kan ṣoṣo, ikú ni òfin kọ sílẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò mọ èyí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa pàápàá kò mọ̀ ọ́n, ìdí sì nìyí tí ìyá fi ń sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú owó adìẹ ní ìdí ìró rẹ̀, tí ó rò pé bí òun bá ti san owó náà fún olóhun, ọ̀rọ̀ tán.

A kò ní tún ẹjọ́ tí kóòtù ti dá dá nínú ìwé ìròyìn. Ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ ni ti àwọn wákàtí díẹ̀ tí ó tẹ̀lé ìgbà tí ọwọ́ ọlọ́pàá bá tẹ ènìyàn. Ní èrò tiwa, inú wákàtí wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bàjẹ́ kí adájọ́ tó rí i rárá, ẹ̀kọ́ ilé wa gan-an sì ni ó máa ń bà á jẹ́.

Àwa Yorùbá ní bí a ti ń tọ́ ọmọ. Bí àgbà bá bínú, ọmọ a dọ̀bálẹ̀, a ní, "Ẹ má bínú, sà, mo jẹ̀bi." Ó lè máà jẹ̀bi rárá. Ó sọ ọ́ kí ìjà lè parí ni, kí ojú má ba à ti àgbà. Àgbà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, a sì ní, "Dìde, ó ti tán." Ọmọ tí ó bá dúró ṣánṣán tí ó ń tẹnu mọ́ ọn pé òun kò ṣe é, aláìgbọràn ni a ó pè é, bí òtítọ́ tilẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀kọ́ rere ni ẹ̀kọ́ yìí. Òun ni kò jẹ́ kí agbo ilé tú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá fi èyí nìkan tọ́, tí a kò sọ fún un pé ibì kan wà tí kò gbọdọ̀ ti lò ó, ewu ń bẹ níwájú rẹ̀.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹni tí ó jókòó ní ọ̀kánkán ọmọ náà ń kọ̀wé. Ọmọ náà sọ ní èdè Yorùbá pé, "Ẹ má bínú, sà, mo jẹ̀bi." Ohun tí ó bọ́ sórí ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni pé afurasí jẹ́wọ́ pé òun ni òun ṣe é. Ìdọ̀bálẹ̀ kò sí nínú ìwé náà. Ẹ̀rù kò sí níbẹ̀, ohùn tí ń gbọ̀n kò sí níbẹ̀. A ní kí ó tẹ àtàǹpàkò, ó sì tẹ̀ ẹ́, nítorí àgbà ni ó sọ pé kí ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, agbẹjọ́rò ìjọba yóò na ìwé kan náà sókè níwájú adájọ́. Ẹyin ni ohùn; bí ó bá balẹ̀, kì í ṣe é kó.

Ìyá rẹ̀ náà ti dé ná. Kò tíì béèrè ohun tí wọ́n ní ọmọ òun ṣe, ó ti wólẹ̀ níwájú ọ̀gá ọlọ́pàá, ó ń wí pé, "Ẹ dákun, ẹ ṣàánú mi, iṣẹ́ Èṣù ni." Olúwa ni ó mọ iye ìgbà tí a ti gbọ́ gbólóhùn yìí. Ìyá rò pé òun ń bẹ̀bẹ̀. Ọlọ́pàá gbọ́ pé ìyá ọmọ pàápàá mọ̀ pé ọmọ òun ṣe é. Láti ìṣẹ́jú náà lọ, ta ni yóò tún dìde lọ wá ẹlòmíràn tí ó lè ti ṣe é?

Kí ni òfin fún wa, nígbà náà, dípò ẹ̀bẹ̀? Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ní abala 35, sọ pé ẹni tí a bá mú ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́, kí ó má dáhùn ìbéèrè kankan, títí yóò fi rí agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tí òun fúnra rẹ̀ yàn bá fikùn lukùn. Ẹ̀tọ́ yìí ṣòro fún Yorùbá láti lò. Àwọn baba wa ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, a sì gbà pé ẹni tí kò fèsì ti gbà pé òun jẹ̀bi. Ohun tí òfin ń sọ ni pé ibi tí ẹnu gbé wúlò yàtọ̀ sí ibi tí ó gbé ń pani lára. Orúkọ rẹ àti àdírẹ́sì rẹ, sọ wọ́n. Bí wọ́n bá béèrè bí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀, fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé o fẹ́ kí agbẹjọ́rò tàbí ẹnìkan tí o yàn jókòó tì ọ́ kí o tó sọ̀rọ̀. Kò pọn dandan kí ènìyàn lekoko mọ́ ọlọ́pàá kí ó tó lo ẹ̀tọ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, sà" kò lòdì sí òfin. "Mo jẹ̀bi" tí ó tẹ̀lé e ni a ń sọ.

Àwọn kan máa ń wí pé, "Níbo ni tálákà Ìkìrun yóò ti rí lọ́yà ní ago mọ́kànlá òru?" Ìbéèrè náà tọ́, òfin sì ti ronú nípa rẹ̀. Òfin Ìṣàkóso Ẹjọ́ Ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní 2015, gbà kí a kọ ọ̀rọ̀ afurasí sílẹ̀ níwájú agbẹjọ́rò; bí kò bá ní agbẹjọ́rò, níwájú òṣìṣẹ́ Legal Aid Council, tàbí Jé-Pí, tàbí ẹlòmíràn tí ó bá yàn. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, tí ó kan gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ní Nàìjíríà, tún irú ọ̀rọ̀ náà sọ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe òfin fún kóòtù tirẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá sì ti ṣe tiwọn lórí ìpìlẹ̀ kan náà. Ẹ wo ohun tí èyí jẹ́ fún wa. Àwọn Jé-Pí wà káàkiri: ọ̀gá ilé-ìwé tí ó ti fẹ̀yìn tì, ìjòyè, olórí ìjọ. Wọ́n ń fi lẹ́tà méjèèjì náà sí ẹ̀yìn orúkọ wọn lára káàdì ìgbéyàwó ọmọ wọn. Ó yẹ kí ìlú mọ̀ pé ó ju ọ̀ṣọ́ orúkọ lọ, àti pé a lè lọ kan ilẹ̀kùn wọn lóru nítorí ọmọ tí ó wà ní àtìmọ́lé.

Bí afurasí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ ka ohun tí a kọ fún un ní èdè rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ka. Bí ohun tí a kà fún un kò bá bá ohun tí ó sọ mu, kí ó má tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá fi ìyà tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, Òfin Ẹ̀rí ti 2011 kò gba ìjẹ́wọ́ tí a fi ìnira gbà, adájọ́ yóò sì dá ẹjọ́ gidi dúró láti kọ́kọ́ gbọ́ bí a ti rí ìwé náà gbà. Ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó sọ ìfìyàjẹni ní àtìmọ́lé di ọ̀ràn fún ọlọ́pàá tí ó bá dán an wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n lù gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ fi ojú kan adájọ́, kí ó sì fi ojú ọgbẹ́ hàn. Ọgbẹ́ tí ó ti jiná kì í ṣe ẹlẹ́rìí mọ́.

Ọ̀rọ̀ wákàtí ni ó kù. Ìwé òfin ní kí a fi ìdí tí a fi mú ènìyàn hàn án ní àkọsílẹ̀, ní èdè tí ó gbọ́, láàrin wákàtí 24. Ó tún ní kí a gbé e dé iwájú kóòtù láàrin ọjọ́ kan, bí kóòtù tí ó ní agbára bá wà láàrin ogójì kìlómítà sí ibi tí ó wà. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ tí kóòtù bá rí i pé ó yẹ. Ogójì kìlómítà! Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ilẹ̀ wa. Kóòtù Májísíréètì wà ní Ìkìrun. Òṣogbo tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀, tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga wà, kò jìnnà. Bí a bá na okùn láti Òṣogbo dé Ìkìrun, dé Ìníṣà, dé Òkukù, kò sí èyí tí ó tó ogójì kìlómítà. Nítorí náà, ní gbogbo ojú ọ̀nà yìí, ọjọ́ kan ni òfin fún ọlọ́pàá. Ẹni tí a mú ní Òkukù tí ó sùn ọjọ́ mẹ́fà ní àtìmọ́lé láìfojú kan adájọ́, a ti rú òfin tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ yìí sí i lára, ó sì lè pe ẹjọ́ gba owó ìtánràn, kí ó sì gba ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ní gbangba pẹ̀lú. Abala 35 kan náà ni ó sọ bẹ́ẹ̀. A mọ̀ pé ẹni tí a bá mú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì sábà máa ń wà níbẹ̀ di ọjọ́ Ajé, nítorí kóòtù kì í jókòó ní ìparí ọ̀sẹ̀. Àwọn tí ń fi ọlọ́pàá gbẹ̀san náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í lọ fẹjọ́ sùn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Bí ẹ̀sùn kò bá jẹ́ irú èyí tí ìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, ọlọ́pàá lè gba béèlì afurasí sílẹ̀ kí ó máa ti ilé jẹ́jọ́. Béèlì kì í ṣe ohun tí a ń rà. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri àgọ́ ọlọ́pàá pé ọ̀fẹ́ ni. Gbogbo wa sì mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ògiri náà. Onídùúró ni òfin ń béèrè, ẹni tí ó ní ilé tàbí iṣẹ́ tí a lè bá a sí, tí yóò ṣe ìlérí pé afurasí kò ní sá. Àwọn tíṣà ni a sábà máa ń pè sí èyí. Kí tíṣà tí ó bá fẹ́ ṣe onídùúró kọ́kọ́ ka ohun tí ó ń fọwọ́ sí, nítorí bí ẹni tí ó dúró fún bá sá, òun ni wọn yóò wá bá fún owó tí a kọ síbẹ̀.

Ohun méjì wà tí a ń rí ní ọjà àti ní àdúgbò tí òfin ti kọ̀ pátápátá. Èkínní ni pé kí a mú ìyá nítorí pé ọmọ sá, tàbí kí a mú àbúrò dípò ẹ̀gbọ́n. Òfin ti 2015 àti Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni dípò ẹlòmíràn. Èkejì ni gbèsè. Ẹni tí ó yá owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí kò rí i san, tàbí tí ó gba ọjà àwìn, kì í ṣe ọ̀daràn, bí kò bá ṣe pé ó lu ènìyàn ní jìbìtì. Ẹjọ́ owó ni tirẹ̀, iṣẹ́ ọlọ́pàá kọ́ ni láti bá wa sin gbèsè. Obìnrin kan tí ó bá mọ èyí nínú ọjà yóò gba ogún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ìtìjú.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé a ń kọ́ olè ní ọgbọ́n. Àwọn tí olè ti jà lólè ni wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀, a sì bá wọn kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún wa pé ẹni tí a mú ni olè? Àgbà ilé wa kan náà tí ó ń pa á láṣẹ pé kí ọmọ dọ̀bálẹ̀ ni ó ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Abala 36 ìwé òfin kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ: aláìjẹ̀bi ni ẹnikẹ́ni títí ẹ̀rí yóò fi fi í hàn ní ọ̀daràn, ọrùn olùpẹjọ́ ni ẹrù ẹ̀rí náà sì wà. Àwọn ẹ̀tọ́ wọ̀nyí kì í ṣe àṣà àjèjì tí a jí wọlé. Nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ẹ̀yà kéékèèké ní Nàìjíríà kígbe pé ẹ̀yà ńlá yóò jẹ àwọn run. Ìgbìmọ̀ Willink tí ó gbọ́ ẹjọ́ wọn jábọ̀ ní 1958 pé kí a kọ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn sínú ìwé òfin. Láti inú ìbẹ̀rù àwọn aláìlágbára ni wọ́n ti jáde wá.

Ní ti agbẹjọ́rò, ìtàn kan wà tí àwọn olóṣèlú àgbà tí ń ka ìwé ìròyìn yìí kò lè gbàgbé. Ní 1962, ìjọba àpapọ̀ fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kan Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ Action Group. Agbẹjọ́rò ni Olóyè náà fúnra rẹ̀, ó mọ òfin ju ọ̀pọ̀ adájọ́ lọ. Síbẹ̀ kò wí pé òun kò nílò ẹni tí yóò bá òun rojọ́. Ó yan Ọ̀gbẹ́ni Gratiaen, ògbóǹtagí agbẹjọ́rò láti òkè òkun, ṣùgbọ́n mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé kò jẹ́ kí ó wọ Nàìjíríà. Olóyè gbé mínísítà lọ sí kóòtù, ó ní ìwé òfin ti sọ pé agbẹjọ́rò tí òun bá yàn ni. Kóòtù dá a lẹ́bi: ó ní agbẹjọ́rò tí òfin ń sọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ohunkóhun kò dí lọ́wọ́ láti wọlé ṣiṣẹ́ níbí. Ní oṣù Kẹsàn-án 1963, Adájọ́ Ṣówẹ̀mímọ̀ rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ọdún 1966 ni Ọ̀gágun Gowon tú u sílẹ̀. Bí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá jà tó báyìí nítorí àtirí agbẹjọ́rò tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ni ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìníṣà gbẹ́kẹ̀ lé tí ó fi ń dá ẹnu ara rẹ̀ rojọ́?

Ó tún kan àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú ní ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Ìkìrun lórí oyè Akìnrun ní oṣù Kọkànlá 2022, tí iná sì sọ ní ààfin, gbogbo wa rí bí ìlú tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ ti lè gbóná láàrin ọjọ́ kan. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá kì í rí àyè ya ẹni tí ó ju òkò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó ń ti ọjà bọ̀. Àwọn kan a máa yọ̀ bí wọ́n bá kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì, wọn a máa wí pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n jẹ ìyà wọn níbẹ̀. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lókè àjà fún ìyàwó. Ìjọba a máa kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan bọ́ sọ́wọ́ èkejì, àwọn ọlọ́pàá kan náà ni yóò sì wà ní àgọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé kóòtù. Akọ̀wé kóòtù yóò ka ẹ̀sùn, a ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀tọ́ ni èyí pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà a ó bi í léèrè bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ ilé ti tún máa ń wọlé. Ọ̀pọ̀ olùjẹ́jọ́ a dáhùn pé, "Mo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n mo ní àlàyé." Àlàyé náà a sì jẹ́ pé òun kò sí níbẹ̀ rárá! Ní ilé, àlàyé lè pa ẹ̀bi rẹ́. Ní kóòtù, bí "mo jẹ̀bi" bá ti jáde lẹ́nu, olùpẹjọ́ kò ní ẹlẹ́rìí kan tí ó gbọ́dọ̀ pè mọ́, ìdájọ́ ni ó kù. Ẹni tí ó bá ní àlàyé, "N kò jẹ̀bi" ni ìdáhùn rẹ̀. Kì í ṣe irọ́ ni ó pa. Ohun tí ìdáhùn náà túmọ̀ sí kò ju pé, "Ẹ mú ẹ̀rí yín wá kí n gbọ́." Ní ti ẹ̀sùn tí ìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, òfin tilẹ̀ ti fòye hàn: bí olùjẹ́jọ́ bá wí pé òun jẹ̀bi, kóòtù yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi, kí a lè gbọ́ ẹjọ́ náà dé òpin.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ ní tòótọ́ náà ní ọ̀nà. Agbẹjọ́rò rẹ̀ lè bá agbẹjọ́rò ìjọba dúnàádúrà pé kí a gba ẹ̀bi tí ó kéré, kí ìyà sì kéré, bí adájọ́ bá fọwọ́ sí i tí a sì ti gbọ́ tẹnu ẹni tí a ṣẹ̀. Ọ̀ràn kéékèèké bí ìjà àdúgbò ṣeé parí nílé pẹ̀lú ìyọ̀ǹda kóòtù, a sì máa ń gba irú rẹ̀ níyànjú, nítorí a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ìdigunjalè àti ìpànìyàn kò ṣeé parí ní ààfin. Baálé tí ó bá gba owó nítorí àtipa irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ti di ẹni tí òun náà yóò wá lọ́yà.

Irú ẹjọ́ ńlá wọ̀nyí ni ó ń pẹ́. Májísíréètì kò ní agbára láti gbọ́ ọ. Ó kàn lè ní kí a dá afurasí dúró sí ọgbà ẹ̀wọ̀n títí ìwé yóò fi dé láti ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń gbàgbé ọjọ́ ìbí wọn. Òfin ti 2015 gbìyànjú láti dí ihò náà: ọjọ́ 14 ni ó fún àṣẹ àkọ́kọ́, a sì lè fi ọjọ́ 14 kún un, lẹ́yìn èyí ìjọba gbọ́dọ̀ wá sọ ìdí tí a kò fi ní dá ẹni náà sílẹ̀. Ní kóòtù ìpínlẹ̀, òfin ìpínlẹ̀ ni yóò sọ iye ọjọ́. Àwọn ẹbí gbọ́dọ̀ máa ka ọjọ́ wọ̀nyí. Afurasí tí kò sí ẹni tí ń bá a ka ọjọ́, ìwé rẹ̀ a bọ́ sí abẹ́ ìwé àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tíṣà, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín tí kò kan ẹlòmíràn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ pé a kò gbọdọ̀ dájọ́ ikú fún ọmọdé, òfin ti 2015 sì tún un sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ní ọjọ́ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ìdájọ́ ikú. Ọjọ́ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ ni, kì í ṣe ọjọ́ ìdájọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé ọmọ ọdún 17 ni? Ọlọ́pàá a máa kọ ọdún tí ó bá wù ú, ọmọ tí ẹ̀rù ń bà a sì lè dáhùn sí èyíkéyìí. Ọ̀pọ̀ ìyá ni kò ní ìwé ìbí ọmọ. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì yín, èyí tí eku ti ń jẹ ní etí, lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo ní ayé tí yóò sọ ọdún tí a bí ọmọ náà. Kí ọ̀gá ilé-ìwé má ṣe fi í dáná. Bí ẹbí bá wá tọrọ ẹ̀dà rẹ̀, kí ó fi òǹtẹ̀ lù ú fún wọn lọ́jọ́ náà.

Ẹni tí a bá dá lẹ́bi ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní ọjọ́ 90 láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni ó ń fi ọjọ́ wọ̀nyí sunkún tàbí kí wọ́n máa wá ẹni tí ó mọ gómìnà. Àánú gómìnà dára, ìwé òfin ni ó fi í sílẹ̀, ní abala 212. Ṣùgbọ́n gómìnà kan lè dé kí ó lọ láìrántí orúkọ tí ó wà ní Kirikiri.

Ní ti owó lọ́yà, Legal Aid Council wà, tí ìjọba ológun dá sílẹ̀ ní 1976, tí òfin tuntun rẹ̀ sì jáde ní 2011. Ó ń bá ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní orílẹ̀-èdè rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, olè jíjà, ìdigunjalè àti ìpànìyàn sì wà lára ẹjọ́ tí ó ń gbà. ₦70,000 ni owó oṣù náà láti oṣù Keje 2024. Ó ní ọ́fíìsì ní àwọn olú-ìlú ìpínlẹ̀, ọkọ̀ láti Ìkìrun sí Òṣogbo kò sì gba wákàtí kan. Kí ẹni tí ó ń lọ mú orúkọ àgọ́ ọlọ́pàá lọ́wọ́, ọjọ́ àti wákàtí tí a mú ọmọ náà, orúkọ ọlọ́pàá tí ọ̀ràn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀dà ìwé ẹ̀sùn bí a bá ti fún un, àti ìwé tí ó fi ọjọ́ orí rẹ̀ hàn. Kí ó tètè lọ ní àárọ̀.